Flu àti Kòrónà: ìgbà wo la ń gba abẹ́rẹ́, báwo la ṣe ń ṣàyẹ̀wò nílé, kí la ń ṣe títí ara á fi yá?

Olóòtú
Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè lórí flu àti Kòrónà ti fọ́n káàkiri jù, ìdí nìyí tí a fi kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀, ẹ bá wa fi òǹkà àti ìgbésẹ̀ sọ ọ́. Ohun tó dá yín lójú ni kí ẹ kọ, ẹ fi "wọ́n ní, wọ́n pé" sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àjẹsára
Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Àkókò ni mo máa fi ṣáájú, torí òun ló ń ba iṣẹ́ abẹ́rẹ́ jẹ́ jù. Lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá wọlé, ara nílò bí ọ̀sẹ̀ 2 kó tó kó ọmọ ogun tó tó jọ. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí gbogbo ilé ti ń wúkọ́ kó tó sáré lọ gbà á, fáírọ́ọ̀sì lè bá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, á wá máa pariwo pé abẹ́rẹ́ ló kó flu ran òun. Abẹ́rẹ́ flu kò lè fún èèyàn ní flu. Fáírọ́ọ̀sì tó ti kú, tàbí ẹyọ èròjà kan lára rẹ̀, ló wà nínú rẹ̀.

Níbi tí ìgbà òtútù bá wà, ẹ gbà á ní nǹkan bí oṣù kan sí méjì kí òtútù tó wọlé: oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ní ìhà àríwá ayé, oṣù Kẹrin sí Karùn-ún ní ìhà gúúsù. Kò dára kó yá jù náà, torí agbára rẹ̀ ń dín kù láti oṣù dé oṣù. Ní ilẹ̀ olóoru, flu lè máa jà yípo ọdún, ó sì sábà máa ń pọ̀ sí i lásìkò òjò. Níbẹ̀, ẹ béèrè èyí tó dé kẹ́yìn, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò parí lára páálí rẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ ọdọọdún ni pé fáírọ́ọ̀sì yìí ń pààrọ̀ ẹ̀wù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kéde ẹ̀yà tí wọn yóò fi ṣe abẹ́rẹ́: oṣù Kejì fún àríwá, oṣù Kẹsàn-án fún gúúsù. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yà mẹ́ta ló wà nínú ti ìsinsìnyí dípò mẹ́rin tí ẹ mọ̀, ẹnikẹ́ni kò rẹ́ yín jẹ. Ẹ̀yà B/Yamagata kò tíì fojú hàn mọ́ láti oṣù Kẹta ọdún 2020, ni wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò. Ó ku A(H1N1), A(H3N2) àti B/Victoria.

Ní ọdún tí ẹ̀yà inú abẹ́rẹ́ bá bá ti ìgboro mu, ó ń dín ewu kí flu gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní bíi 40% sí 60%. Ẹni tó gbà á ṣì lè ṣàìsàn, àmọ́ àìsàn náà kì í sábà le tó bó ṣe máa ń le lára ẹni tí kò gbà á.

Ní kúkúrú, nípa ẹni tó lè gbà á:
– Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò lè gbà á. Ohun tó ń dáàbò bo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí ìyá rẹ̀ gbà á nígbà oyún, ní oṣù yòówù kí oyún náà wà. Ọmọ ogun ara ìyá á gba inú ibi-ọmọ lọ bá a.
– Ọmọ oṣù 6 sí ọdún 8 tí kò gbà á rí: méjì ni ìlànà ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán láàárín wọn. Ìkejì yìí làwọn òbí ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń mú kí ara ọmọ dáhùn dáadáa.
– Ẹni ọdún 65 sókè: ẹ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ alágbára wà. 60 máíkírógíráàmù ló wà nínú rẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, 15 ló wà nínú ti gbogbo ayé.
– Èyí tí wọ́n ń fín sí imú: fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè ṣùgbọ́n tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni. Aláboyún àti ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kì í lò ó.
– Ẹyin kì í bá ọ lára mu? Kò dí abẹ́rẹ́ flu lọ́wọ́ mọ́. Bí abẹ́rẹ́ flu fúnra rẹ̀ bá ti ṣe ọ́ bí ẹni máa kú rí, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn.

Fìlà_Funfun
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ti Kòrónà ńkọ́? Ṣé ọjọ́ kan náà ni, àbí kéèyàn fi àyè sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Àjẹsára
Ọjọ́ kan náà dára. Ẹ gba ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, kí ẹ lè mọ èyí tó ń dùn yín. Bó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, kí ojú abẹ́rẹ́ méjèèjì jìnnà síra ní 2.5 cm ó kéré tán. Ara lè gbóná díẹ̀ sí i ju bí ẹ bá gba ọ̀kan lọ.

Láàárín abẹ́rẹ́ Kòrónà kan sí ìkejì, oṣù 2 ni ó kéré jù ní ọ̀pọ̀ ìlànà. Ẹni tí Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lè dúró tó oṣù 3, torí àìsàn náà fúnra rẹ̀ ti jí ọmọ ogun ara dìde. Fún àgbàlagbà àti ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, oṣù 6 sí 12 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dá. Fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, ìlànà orílẹ̀-èdè kò bára mu, ẹ béèrè níbi tí ẹ wà.

Ẹni tí flu ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ṣì ní ìdí láti gba abẹ́rẹ́ flu, torí ẹ̀yà A tó mú un lónìí kò dí B lọ́wọ́ láti mú un lóṣù méjì sí i. Kí ibà kọ́kọ́ lọ, kí ara padà sípò, lẹ́yìn náà kó lọ gbà á. Imú tó ń ṣàn díẹ̀ kì í ṣe ìdí láti sún un síwájú.

Fìlà_Funfun
Ṣé kéèyàn ti gbé parasitamọ́ọ̀lù mì kó tó kúrò nílé, kí apá má bàa dùn ún?

Apòògùn_Àgbà
Rárá. Ẹ má lò ó sílẹ̀. Ó lè dín bí ara ṣe ń dáhùn sí abẹ́rẹ́ kù, ó sì lè bo ibà tó wà lára yín tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, kí nọ́ọ̀sì má rí i. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, bí apá tàbí orí bá ń dùn yín, ẹ lò ó, kò sí wàhálà.

Ohun tí ẹ máa retí: apá ríro, àárẹ̀, orí fífọ́, bóyá ibà díẹ̀, fún ọjọ́ kan sí méjì. Kókó abẹ́ abíyá lè wú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ Kòrónà. Bí obìnrin bá ní àyẹ̀wò ọmú tó ń bọ̀, kó sọ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ fún àwọn tó fẹ́ yàwòrán náà, kí wọ́n má fi kókó yẹn dẹ́rù bà á.

Ohun tí kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ lásán: àyà dídùn, kí ọkàn máa lù kìkì, kí èémí máa kúrú, láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ Kòrónà. Iṣan ọkàn lè ti wú nìyẹn. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló sì ń kàn jù, pàápàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkejì. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, kì í ṣe ọjọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì_Àjẹsára
Mo fi kún un: ẹ wọ aṣọ tí apá rẹ̀ kúrú tàbí tó rọrùn láti bọ́ kúrò ní èjìká pátápátá. Bí ẹ bá kàn fa ọrùn aṣọ wálẹ̀, òkè èjìká nìkan ló máa yọ, ibẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ ti ń ga jù. Ibi tó tọ́ ni àárín iṣan èjìká, bí ìbú ìka méjì sí mẹ́ta sísàlẹ̀ egungun orí èjìká. Bó bá ga jù, oògùn lè bọ́ sí oríkèé, ìrora á bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, apá kò sì ní ṣeé gbé sókè fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ jókòó, ẹ dẹ apá sílẹ̀, ẹ má fún un le.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jókòó ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n máa wò yín. Ẹni tí abẹ́rẹ́ tàbí oògùn kan ti jẹ́ kí ara rẹ̀ wú rí, tàbí tí èémí rẹ̀ ti há rí, ìṣẹ́jú 30 ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣubú lulẹ̀, òòyì lásán ló kọ́ wọn. Ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ tàbí ìrora rẹ̀ ló sábà máa ń fà á.

Láàbù_Aláwò
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí kíìtì inú ilé, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Kíìtì yìí ń wá èròjà ara fáírọ́ọ̀sì, ó sì nílò kó pọ̀ nínú imú kí ìlà tó yọ. PCR, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ní láàbù, ní tirẹ̀ ń sọ díẹ̀ di púpọ̀ kó tó wò ó, ló ṣe lè rí ohun tí kíìtì kò rí. Ìdí kan náà ni PCR ṣe lè máa sọ pé "ó wà níbẹ̀" fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí ara ti yá. Ẹ má fi PCR wo bóyá ẹ ti bọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé, pẹ̀lú ìdí:

1. Ẹ wo ọjọ́ ìparí. Ẹ wo ibi tó sùn sí: 2°C sí 30°C ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, tàbí tó dì ní fíríìsà, ẹ jù ú nù. Bó bá wá láti inú fíríìjì, ẹ jẹ́ kó jókòó nínú yàrá fún ìṣẹ́jú 30. Kíìtì tútù lè fi ìlà pa mọ́.

2. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fun imú. Ẹ ṣí ọ̀rá ike àyẹ̀wò nígbà tí ẹ bá ṣetán nìkan. Pépà inú rẹ̀ ń fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ sì gbọ́dọ̀ di lílò láàárín wákàtí kan.

3. Ẹ di igi olówùú mú lẹ́yìn, ẹ má fọwọ́ kan òwú. Ẹ tì í bọ inú imú bíi 1.5 sí 2 cm, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yí i mọ́ ògiri imú, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ó kéré tán, bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹ fi ọ̀kan náà ṣe ihò imú kejì. Ẹni tó kàn tì í bọ̀ ọ́ tó fà á yọ kò rí nǹkan kan mú, èsì rẹ̀ á sì máa sọ "kò sí".

4. Ẹ tì í bọ omi inú ìgò kékeré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ rò ó títí ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí ẹ ti ń fà á jáde, ẹ fi ìka fún ẹ̀gbẹ́ ìgò mọ́ òwú, kí omi inú òwú má bàa bá a lọ.

5. Ẹ gbé ike náà lé orí tábìlì tó tẹ́jú. Iye ẹ̀kán tí ìwé kíìtì bá kọ ni kí ẹ kán, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ìgò dúró ṣánṣán, kí afẹ́fẹ́ má bá a wọlé. Bí ẹ̀kán bá kéré, omi kò ní gun pépà dé òkè. Bó bá pọ̀ jù, ó lè kún bo ojú rẹ̀, kó sì ya ìlà èké.

6. Ẹ fi fóònù ka àkókò. Ìṣẹ́jú 15 ló wọ́pọ̀, àwọn kan jẹ́ 10, àwọn kan 20 tàbí 30. Ẹ má gbé e kiri, ẹ má mì í.

Kíkà: C ni ìlà tó ń fi hàn pé kíìtì ṣiṣẹ́, T ni ìlà fáírọ́ọ̀sì. C nìkan, kò rí nǹkan. C àti T, fáírọ́ọ̀sì wà. Kò sí C, kíìtì náà ti bàjẹ́, kódà bí T bá yọ gbọnmọgbọnmọ. Ẹ lo òmíràn.

Ìyá_Àwọn_Ọmọ
T kan wà tó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, àfi kéèyàn gbé e sún mọ́ iná. Kí la ń ṣe sí i?

Láàbù_Aláwò
Bó bá ní àwọ̀, tó sì yọ láàárín àkókò tí ìwé kíìtì dá, ó wà ni. Bó ti wù kó rẹ̀ tó. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì, tí ẹ padà bá ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ eérú lẹ́yìn wákàtí méjì, omi tó gbẹ ló ya á. Ẹ má kà á sí.

Ẹ má sì gba àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó sọ "kò sí" gbọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí dun èèyàn, fáírọ́ọ̀sì lè má tíì pọ̀ tó nínú imú. Àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ láti 2022: ẹni tí àmì wà lára rẹ̀, kó tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 48, ẹni tí kò ní àmì ṣùgbọ́n tó sún mọ́ aláìsàn, kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, wákàtí 48 láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí ìgbà náà, ẹ hùwà bí ẹni tó ní i.

Ojúlówó
Àwọn kan ní kí a fi igi olówùú kan ọ̀fun kó tó wọ imú, pé ó ń tètè rí ẹ̀yà tuntun. Òótọ́ ni?

Láàbù_Aláwò
Ohun tí ìwé kíìtì bá sọ ni. Kíìtì tí wọ́n ṣe fún imú kò mọ ohun tó máa bá pàdé lẹ́nu: oúnjẹ, ohun mímu kíkan, ọṣẹ eyín. Omi ọsàn àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lè ya ìlà T èké lórí kíìtì tí fáírọ́ọ̀sì kankan kò sí. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ẹnu, ẹ má jẹ, ẹ má mu, fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó ṣe é.

Kíìtì alápapọ̀ tún wà tó ń wo flu A, flu B àti Kòrónà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà mẹ́rin lè yọ lórí rẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí kò sì dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ka ohunkóhun. Abẹ́rẹ́ inú apá, ì báà ṣe ti flu tàbí ti Kòrónà, kì í fa ìlà. Èyí tí wọ́n fín sí imú lè jẹ́ kí ìlà flu yọ fún ọjọ́ díẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tó ń bọ́ lójú àwọn èèyàn: ìgò omi kíìtì kan jọ ìgò oògùn ojú dáadáa, kẹ́míkà olóró sì wà nínú omi náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má tò wọ́n síbì kan náà, ẹ gbé e sókè kúrò lọ́wọ́ ọmọdé. Bó bá ta sójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá pe dókítà.

Àti pé, bí kíìtì bá sọ "kò sí", ibà náà ṣì ní ohun tó fà á. Níbi tí ibà ẹ̀fọn bá wà, ẹ ṣàyẹ̀wò tirẹ̀ náà lọ́jọ́ kan náà.

Apòògùn_Àgbà
Ibí ni ọ̀rọ̀ aago ti le jù. Oògùn tó ń bá fáírọ́ọ̀sì jà wà, ṣùgbọ́n ìgbà tó fi ń ṣiṣẹ́ kúrú.

Flu: oseltamivir, 75 mg láàárọ̀, 75 mg lálẹ́, ọjọ́ 5, fún àgbàlagbà. Ó dára jù láàárín wákàtí 48 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Aláboyún, arúgbó, àti ẹni tí wọ́n ti dá dúró sí ilé ìwòsàn ṣì lè jàǹfààní lẹ́yìn ìgbà náà. Ó máa ń fa èébì; ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ.

Kòrónà: Paxlovid, láàárín ọjọ́ 5 tí àmì bẹ̀rẹ̀. Hóró nirmatrelvir méjì (150 mg lọ́kọ̀ọ̀kan) àti hóró ritonavir kan (100 mg), kí ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì pa pọ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, ọjọ́ 5. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa ń lo èyí tó kéré sí i. Àwọn tí ewu wà fún ló wà fún: àgbàlagbà, alátọ̀gbẹ, ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu. Ẹnu á korò bí irin títí ẹ máa fi parí rẹ̀. Ritonavir yẹn ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti fọ́ oògùn mìíràn, ìyẹn ni simvastatin, rivaroxaban, amiodarone, tacrolimus àti ọ̀pọ̀ mìíràn fi lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò wá fún apòògùn kó wò ó, egbòogi náà wà níbẹ̀. Ẹ má tìtorí ìtìjú fi í pamọ́.

Oògùn apakòkòrò bíi amoxicillin kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Fún ìrora àti ibà: parasitamọ́ọ̀lù 500 mg sí 1 g fún àgbàlagbà, wákàtí 4 sí 6 láàárín wọn, kó má ju 4 g lọ ní wákàtí 24. Ibi tí èèyàn ti ń ṣubú ni oògùn ọ̀fìnkìn alápòpọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti ní parasitamọ́ọ̀lù nínú. Ẹni tó bá lo hóró méjì, tó tún mu ti sáṣẹ́ẹ̀tì lé e, ti lò ó lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé
Ti ọmọdé, ìwọ̀n ara ni a fi ń ṣírò oògùn, kì í ṣe ọjọ́ orí. Parasitamọ́ọ̀lù jẹ́ 10 sí 15 mg fún kílò kan. Ọmọ 12 kg nílò 120 sí 180 mg. Bí ìgò bá kọ "120 mg nínú 5 ml", 5 ml sí 7.5 ml nìyẹn. Bó bá kọ "250 mg nínú 5 ml", 2.4 ml sí 3.6 ml ni. Ẹ rí i bí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlàjì? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: wọ́n ra ìgò tuntun, wọ́n lo òdiwọ̀n ti àtijọ́. Síríńjì ẹnu ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ilé ìdáná. Ẹ má fún un ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24.

Ẹ má fún ọmọ ní asipirín rárá nígbà flu. Ó lè fa àìsàn Reye tó ń ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Oyin dára fún ikọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá wà, ẹ lo ìyẹ̀fun omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sínú ọ̀rá. Bí kò bá sí, lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì ṣúgà 6 tó tẹ́jú, àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀. Ìwọ̀n iyọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bó bá pọ̀ jù, ó léwu. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un, pẹ̀lú ṣíbí.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kíá bí: kò tíì pé oṣù 3 tí ara rẹ̀ sì dé 38°C, ó ń mí kíákíá, tí àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, kò tọ̀ fún wákàtí 8, ètè rẹ̀ dúdú bí aró, kò ṣeé jí dáadáa, tàbí gìrì mú un.

Aláyà_Mímí
Fún àgbàlagbà, ẹ wo ìwọ̀nyí: èémí tó kúrú lórí ìjókòó, àyà tó ń dùn, ọ̀rọ̀ tó ń dàrú, òòyì tí kò lọ, ìtọ̀ tó dáwọ́ dúró. Èyí tí wọn kì í fura sí ni pé kí ibà àti ikọ́ lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n wá padà pẹ̀lú agbára. Bakitéríà lè ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà sì nìyẹn. Ibẹ̀ ni apakòkòrò ti wúlò, ṣùgbọ́n dókítà ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le tẹ́lẹ̀, kó má fojú kéré ìrora àyà: ìwádìí kan tó jáde ní Kánádà ní 2018 rí i pé láàárín ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí àyẹ̀wò fi flu hàn, ìkọlù ọkàn ń ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́fà.

Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti wo ọ́síjìn wúlò bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lò. Ẹ nu kíkùn èékánná kúrò, ẹ mú ọwọ́ gbóná, ẹ jókòó ìṣẹ́jú 5, ẹ má mì, ẹ dúró títí nọ́mbà á fi dúró. 95% sókè dára. 93 sí 94%, ẹ pe dókítà. 92% sísàlẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú: ẹ̀rọ yìí lè máa sọ nọ́mbà tó ga ju ti inú ẹ̀jẹ̀ yín lọ, ìwádìí ní Amẹ́ríkà sì ti fi hàn láti 2020. Nítorí náà ẹ má dúró de 92 kí ẹ tó dìde. Ẹ kọ nọ́mbà yín sílẹ̀ ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Bó bá fi mẹ́ta wálẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí ara yín ń sọ pé èémí kò tó, ẹ gba ara yín gbọ́ ju ẹ̀rọ lọ.

Ojúlówó
Ọjọ́ mélòó la tó lè padà sáàárín àwọn èèyàn?

Nọ́ọ̀sì_Àjẹsára
Ìlànà Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹta 2024 kan náà ni fún flu àti Kòrónà: kí ibà ti lọ fún wákàtí 24 láìlo oògùn ibà, kí àmì yòókù sì máa dín kù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣì ń ṣọ́ra fún ọjọ́ 5: ìbòmú N95 tàbí FFP2 tó fún mọ́ ojú, fèrèsé ṣíṣí, kí ẹ jìnnà sí arúgbó. Wákàtí 24 yẹn kì í túmọ̀ sí pé fáírọ́ọ̀sì ti tán. Kòrónà lè máa ran èèyàn títí di nǹkan bí ọjọ́ 10. Bí kíìtì bá ṣì ń ya ìlà T, ẹ kà á sí pé ẹ ṣì lè kó o ran ẹlòmíràn.

Aláyà_Mímí
Ti ìpadàbọ̀sípò, ikọ́ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 3 sí 8 láìjẹ́ pé nǹkan bàjẹ́. Ẹ sùn pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì tó gbé àyà sókè, ẹ mu omi gbígbóná, ẹ má ṣe máa fi agbára ha ọ̀fun.

Àárẹ̀ ló yẹ kí ẹ bọ̀wọ̀ fún. Bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ lónìí, tí ara sì wá wó yín lọ́la tàbí lọ́túnla, ẹ ti kọjá ààlà yín. Ẹ dín in kù sí ìlàjì, ẹ pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ sinmi kó tó rẹ̀ yín, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Fífi agbára tì í kì í mú irú àárẹ̀ yìí lọ, ńṣe ló ń fà á gùn. Ẹni tó ń sáré tàbí tó ń gbé irin, kó kọ́kọ́ máa rìn jẹ́jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì dúró bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí ọkàn bá ń já. Bí oṣù 3 bá kọjá lẹ́yìn Kòrónà tí àárẹ̀, èémí kúkúrú tàbí ìgbàgbé ṣì wà, tó sì ti pẹ́ tó oṣù 2, èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pè ní Kòrónà ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹ lọ bá dókítà kí wọ́n lè yẹ nǹkan mìíràn tó jọ ọ́ wò: ẹ̀jẹ̀ kíkéré, àtọ̀gbẹ, àìsàn kókó ọrùn (thyroid) tó ń fa àárẹ̀.

Fìlà_Funfun
Imú tí kò gbóòórùn mọ́ ńkọ́?

Aláyà_Mímí
Ìdánrawò ló wà fún un. Ẹ wá òórùn mẹ́rin tó yàtọ̀ síra. Òróró òdòdó róòsì, ọsàn wẹ́wẹ́, kànáfùrù àti yúkálíptọ́ọ̀sì ni àwọn onímọ̀ sábà ń lò. Ẹ kán an sórí òwú nínú ìgò kékeré mẹ́rin. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ fà á jẹ́jẹ́, kí ọkàn yín wà lórí ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán. Bí òórùn bá kọ́kọ́ padà wá pẹ̀lú ìyípadà, tí ohun tó dùn ń rùn, àmì pé iṣan òórùn ń dàgbà padà lè jẹ́. Ní gbogbo ìgbà yìí, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń pariwo nígbà tí èéfín bá wà sílé ìdáná, ẹ ti ẹnu gáàsì pa bí ẹ bá dáná tán, kí ẹ sì máa ka ọjọ́ tó wà lára oúnjẹ, torí imú kò ní sọ fún yín bó bá ti bàjẹ́.